Wàláà Tí Káákà Fọ̀

Bí ẹ bá dé Lamashegu ní Tamale tí ẹ béèrè ilé Àyìndé, àwọn ọmọge tó ń dín kóósè, àkàrà àwọn Háúsá, lẹ́bàá títì á fi ṣíbí ọwọ́ wọn júwe ilé onígi dongoyárò fún yín, wọ́n á sì fi kún un pé ilé àwọn Yorùbá nìyẹn. Ilé náà ti wà níbẹ̀ kí bàbá àwọn tó ń júwe rẹ̀ tó dáyé. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá tí Háúsá ti bá pín ilé, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ti gba yàrá kan sí. Inú ilé yìí ni Zulfah wà, ọmọ Ṣítù tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lọ́jà àárín ìlú. Ọmọbìnrin gíga kan ni, ó ń yára rìn, ó ń yára sọ̀rọ̀, ó sì máa ń yára há nǹkan sórí. Yíyára há nǹkan sórí yìí gan-an ló kó o sí wàhálà.

Ọdún kejì ló wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Físíìsì ló fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, kò sì sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà. Nígbà tó wà ní girama, odidi ọdún méjì ni kíláàsì wọn fi wà láìní olùkọ́ físíìsì. Bí àkókò iṣẹ́ náà bá ti tó, àwọn ọmọbìnrin á jókòó, wọ́n á máa wo pátákó tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí, títí agogo á fi dún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dúpẹ́ fún ìsinmi. Zulfah ní tirẹ̀ bínú, ìbínú náà kò sì tíì tán títí di òní. Ó ti pinnu pé òun ni òun máa padà lọ dúró níwájú pátákó yẹn.

Àmọ́ ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan, èyí tí wọ́n ṣe lórí ohun tó ń fì àti ìgbì. Ẹ má rò pé kò kàwé o. Gbogbo fọ́múlà tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ bí ẹni mowó. Ìbéèrè tó bà á jẹ́ kò tilẹ̀ le lójú. Wọ́n ní ọmọ kékeré kan jókòó sórí jangílófà, ó ń fì lọ, ó ń fì bọ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ìyá rẹ̀ tó sanra jókòó sórí jangílófà kan náà. Ta ni yóò pẹ́ jù kó tó lọ kó tó bọ̀ nínú àwọn méjèèjì? Zulfah kọ fọ́múlà sókè gbàgàdà, bí ẹni ń kọ Fátíhà. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá ni yóò pẹ́ jù, nítorí pé ó wúwo. Olùkọ́ fi bírò pupa ká fọ́múlà náà mọ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Ka ohun tí o kọ.

Zulfah kà á, kà á, ó tún un kà. Fọ́múlà náà pé, kò sì rí ohun tí ọkùnrin náà ń wí. Ó gbà pé olùkọ́ náà kàn burú ni.

Wọ́n fún un láyè láti tún ìdánwò náà ṣe. Bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí yóò kọ́ni ní físíìsì, wọn yóò sì fún un ní iṣẹ́ mìíràn tí kò wù ú. Nígbà tí ìdánwò náà ku ọ̀la, Zulfah sá tọ ọ̀nà tí kò já a kulẹ̀ rí láti kékeré. Ó gbé wàláà jáde.

Wàláà yìí kì í ṣe pákó lásán. Ti baba ìyá bàbá rẹ̀ ni. Lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò tó wà nílùú padà sí ilẹ̀ wọn, àwọn ará ilé rẹ̀ fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, wọ́n fi ewúrẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ṣùgbọ́n wàláà bá wọn dé Ìgbòho, ó sì tún bá wọn padà nígbà tí ara ìlú rọ̀. Orí rẹ̀ ni Zulfah ti kọ́ Àlùkùránì. O ó ki kálámù bọ inú tàdáwà, o ó kọ ọ́, o ó máa kà á títí yóò fi yọ̀ lẹ́nu rẹ. Ẹnikẹ́ni kì í fọ wàláà rẹ̀ títí ó fi máa kà á fún Àáfà láìṣì í, tí Àáfà yóò sì wí pé, "Fọ̀ ọ́." Ọmọ tó bá fọ tirẹ̀ ṣáájú ìyẹn, etí rẹ̀ á gbọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Zulfah da gbogbo físíìsì rẹ̀ sórí wàláà. Lámídà tó na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, páì tó dúró bí àga, omẹ́gà tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìdí ọmọ ọwọ́, gbogbo wọn tò sórí pákó, tàdáwà wọn ń dán. Ó gbé e ti ògiri kó lè gbẹ, ó wọ yẹlò-yẹlò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí àdúgbò Kakpagyili láti lọ mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Àánúolúwa wá. Ọmọ Ìbàdàn ni Àánúolúwa, iṣẹ́ báńkì ló gbé bàbá rẹ̀ wá sí Tamale. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, òun sì ti yege ìdánwò náà.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Káákà jí lójú oorun ọ̀sán. Káákà ni gbogbo ilé ń pe Hajia Sherifatu, ìyá Ṣítù, bí àwọn Háúsá ṣe ń pe ìyá àgbà. Káákà ti bẹ Àáfà Abdul-Ganiyu pé kó bá wọn ṣe hàntú fún ọmọ náà nítorí ìdánwò: kó kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sórí wàláà, kí wọ́n fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kí Zulfah mu ún. Àáfà sì ti ní kó má ṣèyọnu, òun máa yà wá kọ ọ́. Bí Káákà ti yọjú síta, kí ló rí? Wàláà lára ògiri, tàdáwà lórí rẹ̀ tútù.

Gíláàsì ojú rẹ̀ wà nínú yàrá, kò sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí gba kó padà lọ mú un. Ó rí àmì tó ká, ó rí àmì tó tẹ̀, ó rí ìlà tó dábùú òmíràn. Kì í ṣe a-b-d, kò sì jọ kéwú tí òun mọ̀. Ó gbà nínú ara rẹ̀ pé Àáfà ṣiṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, pé èyí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti inú lọ́hùn-ún. Ó ṣe bísímílà, ó bu omi, ó rọra fọ wàláà náà sínú abọ́ títí tí kò fi ku ẹyọ kan. Ẹni tó bá mọ Káákà mọ̀ pé kì í fi nǹkan gidi ṣòfò. Ó da èyí tó pọ̀ jù sínú ìgò fún Zulfah, òun náà mu ẹnu kan, ó sì fi ìyókù pa orúnkún tó ń dùn ún.

Ibi tó ti ń pa á lọ́wọ́ ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì wọlé. Àánúolúwa kúnlẹ̀ láti kí i. Zulfah kò kí ẹnikẹ́ni. Wàláà ló ń wò, tó wà nínú oòrùn, tó mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Káákà, ta ló fọ wàláà mi?"

"Èmi ni. Wá mu tìrẹ. Àáfà mà ṣe gudugudu méje o. Mo fi kan orúnkún yìí báyìí, ó ti ń fúyẹ́."

"Káákà, wallahi, kì í ṣe Àáfà ló kọ ọ́. Èmi ni. Físíìsì mi ni."

Káákà wo ìgò, ó wo orúnkún, ó wá wo ikùn ara rẹ̀. "Fí-kí-ni?"

Àánúolúwa tó ti kúnlẹ̀ kò lè dìde mọ́. Ẹ̀rín ló dá a mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, ó ń bẹ Màmá pé kí wọ́n má bínú. Ẹkún ni Zulfah bú sí ní tirẹ̀. Èmi ò sì bá a wí. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀la, tí wọ́n wá fi ìwé rẹ̀ pa orúnkún, kí ni kó ṣe?

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Zulfah rí i pé ẹ̀rù ń ba ìyá àgbà.

"Zulfah, ọ̀rọ̀ ta ni mo mu? Ṣé kò sí orúkọ òrìṣà kankan níbẹ̀?"

"Rárá, Káákà. Lẹ́tà àwọn ará Gíríìsì ni."

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," Àánúolúwa dá sí i. "Wọ́n wà nínú Bíbélì."

"Ìyẹn kọ́ ló máa fọkàn mi balẹ̀," ni Káákà wí. Ó fa àga rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ dongoyárò, ó jókòó. "Ó ti wọnú mi ná. Ohun tó bá wà nínú mi, ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n. Jókòó, kí o sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an nìyẹn. Zulfah ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. "Káákà, toh, nǹkan kan wà, ó máa gó, ó máa kọ́ọ̀mù báàkì—"

"Mi ò gbọ́ ìyẹn. Èdè ilé ni kí o fi sọ ọ́."

"Ẹ mọ lìlò? Èyí tí àwọn ọmọ máa ń so mọ́ igi, wọ́n á jókòó."

"Jangílófà," ni Àánúolúwa wí.

"Ehn, jangílófà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Àkókò tó máa fi lọ, tó máa fi bọ̀, fọ́múlà yẹn ló ń sọ ọ́."

"Kí ni fọ́múlà yẹn wá wí?"

Zulfah nu ojú. Kò sí wàláà tó máa wò. "Ó ní kí á wo bí okùn rẹ̀ ṣe gùn tó. Bó bá gùn, ó máa pẹ́."

"Mo gbọ́."

"Ó sì ní kí á wo bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra."

"Ilẹ̀ ń fà á lóòótọ́, òun ló ń fa orúnkún mi. Kí ló tún kù?"

"Ó tán. Méjì àti páì ló kù, àwọn yẹn kì í yí padà."

Káákà ronú díẹ̀. "Ẹni tó jókòó ńkọ́? Bí a ti ṣe rí yìí, ìwọ fẹ́lẹ́, èmi rabata. Bí èmi bá gun jangílófà, ṣé mi ò ní falẹ̀ jù ọ́ lọ ni?"

Zulfah la ẹnu láti wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ìgbà náà ló wá gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sílẹ̀. Okùn. Ilẹ̀. Kò mẹ́nu ba ẹni tó jókòó rárá. Ó pa ẹnu dé. Ó tún un kà nínú ọkàn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá ibi tí ìwọ̀n gbé wà, kò sì rí i, nítorí pé kò sí níbẹ̀, kò sì sí níbẹ̀ rí. Ka ohun tí o kọ.

"Káákà," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "bákan náà la máa ṣe."

"Irọ́ nìyẹn," ni Káákà wí.

Kí n má parọ́, Zulfah náà kò fi gbogbo ara gbà á gbọ́. Ni wọ́n bá wá okùn. Wọ́n so méjì tó dọ́gba mọ́ ẹ̀ka dongoyárò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì so bútà kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí okùn, bútà rọ́bà tí gbogbo ilé fi ń ṣe àlùwàlá. Wọ́n rọ omi kún ọ̀kan dé ẹnu. Èkejì ṣófo. Àánúolúwa fa méjèèjì sẹ́yìn, ó sì jọ̀wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n jọ lọ. Wọ́n jọ bọ̀. Wọ́n jọ tún lọ, bí ènìyàn méjì tó tò sí sààfù kan náà, tí Lìmámù ń darí wọn. Káákà dìde, orúnkún tàbí kò sí orúnkún, ó lọ dúró tì wọ́n.

"Tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe.

"Ẹ gbé eléyìí sí ibi tọ̀hún, kí ẹ gbé tọ̀hún síbí. Bóyá okùn yẹn ló ń ṣe ojúsàájú."

Wọ́n pààrọ̀ wọn, kò sí ohun tó yí padà. Zulfah bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé ẹ̀ẹ̀kan sì wà lójú rẹ̀ síbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì ń tì í. Gbogbo oṣù yìí ló fi bínú sí olùkọ́, òtítọ́ sì wà lórí ìwé rẹ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Wọn kò kúrò lábẹ́ igi náà títí wọ́n fi pe ìrun àlàásárì. Gbogbo ohun tó wà nínú Káákà ni Káákà fẹ́ mọ̀. Nígbà tó kan ìgbì, Zulfah mú okùn kan, ó so ìdí rẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó jù ú sókè-sódò, kókó kan sì sáré láti ọwọ́ rẹ̀ dé ògiri. Òun tó ń kọ́ nípa ìgbì kò rí òkun rí láyé rẹ̀. Káákà nìkan ló rí i nínú ilé náà.

"Lọ́dún tí wọ́n lé wa, Lomé ni lọ́rì wa gbà," ni Káákà wí. "Ọmọdé ni mí. Ìgbì ń bọ̀ bí ẹni máa gbé wa lọ, mo di bàbá mi mú. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, omi náà ò kúrò lójú kan."

"Òun náà nìyẹn, Káákà. Omi ò lọ síbì kankan. Mímì yẹn ló ń rìn."

"Àwa la rìn," ni Káákà wí. Zulfah fi ọwọ́ lé e lórí orúnkún, èyí tí wọ́n fi físíìsì pa. Káákà gbá a lọ́wọ́ pẹ́pẹ́, ó ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìrun, Zulfah gbé wàláà lé itan. Kò sí ìwé níwájú rẹ̀. Ó kọ fọ́múlà okùn, ó sì rí i pé òun mọ ìdí tí ohun kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀. Ìkan ń fa ìkejì jáde. Ibi tó bá ti gbàgbé, ó máa ń gbójú sókè wo bútà, bó ṣe ń fì, ó sì máa ń rí i gbà padà. Wàláà náà kún dé etí. Káákà mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ́wọ́ bí Àáfà, ó ń fi tọ́ka sí omẹ́gà, ó ń béèrè pé, "Onídìí rọ̀bọ̀tọ̀ yìí ńkọ́?" Zulfah ń dá a lóhùn ní Yorùbá, àwọn ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, Àánúolúwa ń tì í lẹ́yìn.

Nígbà tó kà á tán, Káákà gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ó yá," ó wí. "Fọ̀ ọ́."

Zulfah fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́. Kò dùn ún rárá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ni hàntú Àáfà Abdul-Ganiyu ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé àlejò ló dá òun dúró. Zulfah mu ún. Ó mu tinú ìgò náà pẹ̀lú, nítorí Káákà dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà. Nínú gbọ̀ngàn, ó ṣí ìwé ìbéèrè. Wọ́n ní agbọ̀n tó kún fún máńgòrò ń fì lára okùn gígùn kan. Bí a bá kó máńgòrò inú rẹ̀ kúrò, ṣé yóò yára lọ yára bọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Zulfah, ẹni tó ń ṣọ́ wọn sì fojú bá a wí. Ó kọ fọ́múlà. Ó kà á. Lẹ́yìn náà ló tó dáhùn.

Ó yege. Kì í ṣe òun ló ṣe ipò kìíní, mi ò ní bá yín fi iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó yege, orúkọ rẹ̀ sì dúró lára àwọn olùkọ́ físíìsì. Ní Lamashegu, kò sẹ́ni tó lè sọ fún Káákà pé hàntú kọ́ ló ṣe é. Ìyá Hamdiya ará òdìkejì títì tilẹ̀ gbé ìgò òfìfo wá nítorí orúnkún tirẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ti Àáfà, ti físíìsì lòun ń bẹ̀ fún. Káákà fi sùúrù sọ fún un pé ó ti tán, ẹni tó kọ ọ́ sì ti rìnrìn àjò.

Òótọ́ ni. Wọ́n ti rán Zulfah lọ kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni ní girama tó ti jáde. Kíláàsì yẹn náà ni, pátákó yẹn náà ni. Bútà méjì ló yá nínú mọ́ṣáláṣí ilé ìwé, ó so wọ́n rọ̀ sára igi àjà, ọ̀kan kún, ọ̀kan ṣófo. Ó béèrè èwo ni yóò pẹ́ jù. Gbogbo kíláàsì pátá nawọ́ sí èyí tó kún. Kò bá wọn jiyàn. Ó jọ̀wọ́ wọn, wọ́n jọ lọ, wọ́n jọ bọ̀, ọmọbìnrin kan lẹ́yìn sì dìde dúró, ó ní, "Màdáàmù, ẹ tún un ṣe."

Nígbà tí agogo dún, ọmọ náà ló wá gbé dọ́sítà láti nu pátákó. Zulfah di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kọ́kọ́ ka ohun tí mo kọ."

Ọmọ náà kà á, ó ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìka. Ó dé ìparí, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un kà, ó wá yíjú wo bútà méjèèjì. "Màdáàmù, kò sí ìwọ̀n níbẹ̀."

"Nù ún," ni Zulfah wí, ó sì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.